Owó-orí Lórí Owó Ìfẹ̀yìntì Bàbá

Télọ̀ kan di irin ojú fèrèsé ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì mú bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, mà, gbogbo owó yẹn ni bàbá mi ní kí n gbà wá. Bí ò bá pé, dókítà ò ní ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn."

Ìyá akọ̀wé mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, èyí tí ilé iṣẹ́ wọn ń dá sí i lóṣooṣù, ìjọba ò gba owó-orí lórí ẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà á kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, a gbọ́dọ̀ yọ owó-orí nínú ẹ̀."

"Ó máa dín nìyẹn! Ṣé kò sọ́nà míì ni?"

"Àfi bí ẹni tó ni owó bá kú. Ìyẹn la kì í yọ nǹkan kan nínú ẹ̀ fún ọmọ. Ká má rí i."

"Àmín, mà."

Fóònù télọ̀ náà dún; láti ọsibítù ni. Ó gbé e sétí. Ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó rọra ń ká a.

Ìyá akọ̀wé ti mú bírò. "Ṣé kí n yọ owó-orí ọ̀hún, kí o tètè máa lọ?"

"Ẹ má yọ ọ́ mọ́, mà."