Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Ka Ọkọ̀

Ilé ìgbẹ̀bí náà wà ní ìparí òpópónà, níbi tí kòtò ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ. Bí awakọ̀ bá ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, á dúró, á ní kí aláboyún sọ̀ kalẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan bímọ sínú ọmọlanke kó tó débẹ̀. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Ọmọlanke ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kò sì sẹ́ni tó rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́.

Agbẹ̀bí kì í fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín mọ́. Oṣù méjì ló kù kí ọmọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ bímọ, àkọ́bí sì ni. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń ru. Bí nǹkan bá yíwọ́, ọsibítù ńlá ni wọ́n máa gbé e lọ, ẹ̀rù sì ń ba ìyá rẹ̀ gidigidi pé ọkọ̀ kò ní lè wọlé wá gbé e.

Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ pe ìpàdé lórí owó ọ̀nà tọdún náà, òun ló kọ́kọ́ débẹ̀. Injinníà na ọ̀pá sí àwòrán lára ògiri. Ọ̀nà tó lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀, tí kò ní kòtò kan ṣoṣo, ni wọ́n fẹ́ hú. Wọ́n fẹ́ fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbin òdòdó sí àárín rẹ̀, kí wọ́n sì ri òpó iná aláràbarà sí i. Agbẹ̀bí dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló ń bímọ sínú òdòdó?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Alága ìjọba ìbílẹ̀ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Ìyá wa, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ló ń gba ọ̀dọ̀ yín lójúmọ́?"

"Wọ́n pọ̀ sà," ni Agbẹ̀bí fi dáhùn.

Injinníà sọ nǹkan sí alága létí. Alága mi orí. "Ó dáa. Òpópónà méje la fẹ́ ka ọkọ̀ ibẹ̀. A ó fi tiyín kún un. L'Ọ́jọ́bọ̀, ẹ máa rí ẹni tó máa wá kà á." Wọ́n pàtẹ́wọ́, ìpàdé tú.

Agbẹ̀bí pe àdúgbò jọ lọ́jọ́ náà gan-an. "Òpópónà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni wọ́n máa ṣe," ó ní. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"A gbọ́ ọ," ni wọ́n sọ, àtẹni tó lọ sípàdé àtẹni tí kò lọ.

Onígbàjámọ̀ nìkan ló yanu. "Ìyá, ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ mẹ́ta ló ń wọ ibí lọ́sẹ̀, méjì nínú wọn ló ń ṣìnà."

"A máa wá ọkọ̀. Ṣebí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà."

"Kòtò ńkọ́?"

"A máa dí i."

"Tá a bá wá dí i, kí ni wọ́n fẹ́ tún ṣe?"

"Tó bá dìrọ̀lẹ́, a máa hú u padà."

Onígbàjámọ̀ họrí. "Háà! Orí yín pé o."

Ní Ọjọ́rú, tọmọdé tàgbà da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti yanrìn sínú kòtò. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, akọ̀wé kan dé pẹ̀lú àga àti ìwé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n rí yá. Wọ́n á kọjá, wọ́n á gba ẹ̀yìnkùlé yípo, wọ́n á tún dé. Ọkọ̀ onígbàjámọ̀, tí wọ́n fi okùn so bọ́ńpà rẹ̀, kọjá nígbà mẹ́tàlélógún, fìlà ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀gá náà ń dé nígbà kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé kò gbójú sókè.

"Ṣé tírélà pàápàá máa ń gba ibí?" ó béèrè.

"Ojoojúmọ́ ni!" ni Agbẹ̀bí dáhùn. Ó ti ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ tó ń wa tírélà. Bí tiẹ̀ ṣe yọ nìyẹn, tó ń fun fèrè, tí fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí ń gbọ̀n. Akọ̀wé kọ ọ́ sí àyè tirẹ̀. Ó dìde, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó fẹ̀ dáadáa. Ariwo kò sì ní dà yín láàmú?"

"Ariwo kẹ̀? Ó ti mọ́ wa lára, sà."

Agbẹ̀bí yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O ò rí i? Katakata tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀nà ni wọ́n ń múra láti gbé wá yẹn."

Bí akọ̀wé ṣe ń lọ ni wọ́n hú gbogbo ohun tí wọ́n dí padà. Onígbàjámọ̀ tiẹ̀ tún gbẹ́ kòtò méjì jìn sí i, ó ní kó lè wọ̀ wọ́n lójú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ Agbẹ̀bí bímọ nígbà tí lẹ́tà dé. Ọlọ́kadà tó gbé e wá kò lè kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì pé jọ sí. Agbẹ̀bí gbé awò rẹ̀ sójú.

"Inú ìjọba ìbílẹ̀ dùn láti sọ fún yín pé nínú òpópónà mẹ́jọ tí a kà, tiyín ló gba ipò kìíní."

Ariwo ayọ̀ sọ. Onígbàjámọ̀ ń jó. Ẹnì kan gbé Ọmọlanke sókè. Ọmọ Agbẹ̀bí fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú ìyá rẹ̀.

"Ẹ ṣe sùúrù, ẹ jẹ́ n kà á tán," ó ní.

"Nítorí náà, láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, fún oṣù mẹ́jọ tí a ó fi máa fẹ ọ̀nà ilé ìjọba ìbílẹ̀, tí a ó sì máa gbin òdòdó síbẹ̀, òpópónà yín ni gbogbo ọkọ̀ àti tírélà ìlú yìí yóò máa gbà kọjá."