Orin Tí Wọ́n Kọ fún Erin

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ múra àtigbe orin. Àlọ́ mi já lu Òbúkọ, alága ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹranko ní Abà Ìrókò. Iṣu tí àwọn òbí ń dá jọ fún olùkọ́, Òbúkọ ló ń jẹ ẹ́. Olùkọ́ kò wá mọ́, àwọn ọmọ sì fọ́n ká.

Wọ́n ní Erin, ọ̀gá àwọn alága, ń bọ̀ wá bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò. Bí kò bá bá ọmọ níbẹ̀, yóò tì í pa. Ni Òbúkọ bá sáré lọ yá àwọn ọmọ Ọ̀bọ ní Abà Odò.

Erin wọlé. "Alága, ọmọ yín mà pọ̀ o!"

"A ò sinmi ni, sà!"

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kọ orin ilé ẹ̀kọ́ yín."

Wọ́n gbé e sókè:

Abà Odò la ti ń kàwé,
*Kàwé, ọmọ, kàwé!*
Olùkọ́ wa kì í pẹ́ dé,
*Kàwé, ọmọ, kàwé!*

Erin wo Òbúkọ. Òbúkọ ń wo òrùlé.

"Ta ni ọmọ ibí nínú yín?"

Ọmọ Òbúkọ nìkan ló dìde.

"Kọ orin tiyín."

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Bàbá mi ní kí n ṣáà máa la ẹnu."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí. Òbúkọ ò tíì lè wo ojú ọmọ rẹ̀.