Ọmọ Ìyá Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ará ilé yín.

1. Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Irin, torí kì í ṣàìsàn. Òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló jọ ń ṣiṣẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń gbé pákó àlòkù, ìṣó ara rẹ̀ ha àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀. Ti àbúrò wú díẹ̀, ó sì jinná. Ti Irin kéré, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ ò jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

2. "Olówó orí mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Nítorí ìṣó? Ìyá kan náà ló bí èmi àti àbúrò mi. Ohun tí kò dá a dùbúlẹ̀ kò tó mi í ṣe!"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti ń dúdú, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó ń sọ ìsọkúsọ.

3. Ìyàwó pe ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dínà mọ́ ọn.

"Kí lo fún un jẹ? Májèlé lèyí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò lọ́nà. Tí ẹ bá rò pé mo fẹ́ pa á, ẹ wọ ọkọ̀, ká jọ gbọ́ lẹ́nu dókítà."

4. "Oró ni lóòótọ́," dókítà dá ẹ̀gbọ́n lóhùn ní ọsibítù, "ṣùgbọ́n kòkòrò tó gba ojú ọgbẹ́ wọlé ló ń tu ú."

"Kí ló dé tí kò ṣe àbúrò wa tí ìṣó kan náà ha báyìí?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ohun tí èèyàn jogún wà lára ohun tó ń sọ bí ara rẹ̀ á ṣe bá kòkòrò jà. Ọmọ ìyá ni wọ́n, àmọ́ wọn ò jogún ohun kan náà délẹ̀. Ó jọ pé ara àbúrò jà níwọ̀nba. Ti èyí gbaná jẹ, ìjà ọ̀hún wá ń ba ara òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ẹ pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó dé."

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún.

5. Nígbà tí wọ́n padà wálé, ẹ̀gbọ́n kó ẹbí jọ. "Obìnrin yìí ló jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ wa lẹ́sẹ̀. Kó kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì!"

Ìyàwó dìde. "Mi ò ní kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀, mo mú ọkọ mi wálé."

Irin fi ọ̀pá tó kì bọ abíyá gbé ara rẹ̀ dúró. "Ìgbéraga mi ló gé ẹsẹ̀ mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá ìyàwó mi jà, èmi ni kó kọ́kọ́ bá jà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má fi ara ẹlòmíràn díwọ̀n tiyín. Tí ọgbẹ́ kékeré bá ń dunni ju bó ṣe rí lọ, tí ara ń gbóná, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọrí sí, kíá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ṣì dúró ná, ẹ má tiẹ̀ dá a lóhùn.