Wọ́n Ń Bọ̀ Lónìí

Amọ̀nà ti gbá iwájú ilé ọnà náà kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó sì tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó nu gíláàsì àwòrán, ó rìn díẹ̀, ó padà wá nu ún. Ó wọ inú ọgbà, ó ṣa ewé gbígbẹ, ó na ọrùn wo géètì.

Olówó kan ló kọ́ ilé náà fún ara rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ó kó àwòrán àti ère sí gbogbo yàrá, ó sì gbin ọgbà yí i ká. Nígbà tó kú, wọ́n ṣàdéhùn láti ṣí i sílẹ̀ fún ọdún díẹ̀ kí ará ìlú máa wá wò ó, ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn ti parí báyìí. Ọwọ́ ajogún ló kù sí, bóyá kí ilé wà bó ṣe wà, bóyá kí wọ́n tà á fún àwọn tó fẹ́ wó o. Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà ni amọ̀nà ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Bí ilé ńlá bá lọ, ilé kékeré bá a lọ nìyẹn.

Ọ̀gá rẹ̀ ló ti pè é ní ìdájí láti ìlú mìíràn tó ti lọ ṣèpàdé.

"Ajogún ti wọ̀lú," ó ní. "Wọ́n ń bọ̀ lónìí. Mú wọn yí ilé ká, jẹ́ kí wọ́n rí ọgbà. Má jẹ́ kí nǹkan kan bí wọn nínú o. Bí inú bá bí wọn, ó ti parí fún wa."

Kó tó béèrè nǹkan kan, ọ̀gá ti gé fóònù.

Ọ̀rọ̀ yẹn já a láyà. Ọ̀gá kì í yẹ́ ẹnikẹ́ni sí. Kọmíṣọ́nnà wá lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ní, "Ó ti dé, fún un lága."

Ó gbé tíì lọ fún ìyá rẹ̀.

"Mu tìrẹ náà," ni ìyá wí.

"Kò sáyè, mọ́mì. Ajogún ń bọ̀. Ọ̀gá ní wọ́n ń bọ̀."

"Ọ̀gá yín ló ní 'wọ́n'?" Ìyá gbé ife kalẹ̀. "Ọ̀gá yín tó ń pe ìyá tó bí i lọ́mọ ní 'ó'? Háà! Ẹni náà á mà tóbi o. Lọ kí wọn dáadáa."

Oòrùn ti ń mú nígbà tí bàbá arúgbó kan dúró lẹ́nu géètì. Aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa ló wà lọ́rùn wọn, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ilé náà láti òkè délẹ̀.

"Mo ti ń gbèrò àtiwá síbí tipẹ́," ni bàbá wí, wọ́n sì ki ọwọ́ bàpò fún owó ìwọlé.

"Ẹ̀yin kẹ̀, sà? Ẹ dákun, ẹ dá a padà."

Kò béèrè orúkọ. Ta ló máa rí onílé lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó máa ní ta ni yín?

Ó mú wọn gba yàrá ère kọjá, ó mú wọn gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀. Lókè, àwòrán olówó tó kọ́ ilé náà wà lára ògiri. Bàbá dúró níwájú rẹ̀.

"Ẹ wo imú!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fọwọ́ kan imú tiwọn. "Irú rẹ̀ pọ̀ nílé wa."

Amọ̀nà wo imú méjèèjì. Wọ́n jọra.

Agogo géètì ló dún. Ó tọrọ gáfárà, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ló bá níta, ọmọbìnrin kan àti ọmọkùnrin méjì. Sílípáàsì ni wọ́n wọ̀, ṣòkòtò wọn ti ya lórúnkún.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. A wá wo ilé."

"Ẹ padà wá lọ́la. Àlejò ńlá wà nínú ilé."

"Ọgbà nìkan ńkọ́, mà?"

"Kẹ́ ẹ lè lọ tẹ òdòdó mọ́lẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Ẹ má kó bá mi lónìí."

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lára géètì.

"Ó dáa, mà. A ti rí ohun tí a wá wò."

Amọ̀nà fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì. Ọmọ ayé òde òní, kò sóhun tí wọn ò ní fojú di.

Nínú ọgbà, ó fi bàbá jókòó sábẹ́ igi, ó fi ife tí ọ̀gá ń lò bu omi tútù fún wọn. Kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Sà, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ilé yìí. Ìyá mi ló wà lójú fèrèsé yẹn. A ò níbi tí à ń lọ."

Bàbá wo ojú fèrèsé náà. Ojú wọn yí padà.

"Kí wọ́n ta irú ibí yìí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹni tó bá tà á, orí ẹni náà ò pé. Sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n fọkàn balẹ̀."

Omi bọ́ lójú amọ̀nà. Bàbá mumi tán, wọ́n dìde.

"Ṣé gbogbo ènìyàn lẹ máa ń tọ́jú báyìí?"

"Rárá o, sà!" Ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní àwọn á fẹsẹ̀ rìn dé ìdí bọ́ọ̀sì. Inú amọ̀nà tún dùn sí ìyẹn. Owó gidi kì í pariwo.

Ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó dì mọ́ ọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

"Ṣé wọ́n wá?" ni ọ̀gá béèrè.

"Wọ́n wá, sà! A yí gbogbo ilé ká. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní ẹni tó bá ta ilé yìí, orí rẹ̀ ò pé!"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní, "O ṣeun jàre, ẹ̀rù ti ń bà mí, torí ọmọdé lásán ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."