Téṣàn Àpínkẹ́ Tí Ọkọ̀ Kankan Kò Yà Sí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má pa ìtàn yìí tì lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kà á sétí ìbátan yín tí kì í gbọ́ràn, nítorí inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Òkè-Àdó ní Ìbàdàn ni Àpínkẹ́ ń gbé, obì ló ń tà fáwọn Haúsá ní Sábó. Baba rẹ̀ ló gbin oko obì náà sí Mọníyà, lẹ́bàá ojú irin. Kí baba tó kú, ó ní wọn kò gbọdọ̀ pín in: bí Àpínkẹ́ bá ká obì lọ́dún yìí, àbúrò rẹ̀, Mọ́ṣúdù, ni yóò ká tọdún tó ń bọ̀. Obì yìí ni Mọ́ṣúdù fi ń rán ọmọ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́.

A gba òmìnira tán, ni Bándélé bá dé. Ó ní lọ́rì ní Challenge, ó wá dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ó ní ọkọ̀ ojú irin tòun náà yóò máa kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin àti Èkó, kí òun àti rélùwéè ìjọba jọ máa figa gbága.

"Tìjọba ń falẹ̀ jù. Tèmi á yá, a ó sì máa ta tíì nínú rẹ̀."

Irin dà? Tìjọba náà ni. Àṣẹ dà? Ó ń bọ̀. Ẹ sáà gbọ́ ìwọ̀sí.

Ó ń wá ilẹ̀ téṣàn ní Mọníyà, ó sì mọ ohun tí yóò fi mú Àpínkẹ́.

"Màmá, orúkọ yín la máa kọ sára pátákó. Téṣàn Àpínkẹ́. Gbogbo èrò ni yóò máa pè é."

Orí Àpínkẹ́ wú. Ìyàwó olóyè kan ládùúgbò ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé olóbì lásán ni.

"Jẹ́ kí n fi tó àbúrò mi létí."

"Màmá, kí ẹ tó pe ẹbí jọ, ẹlòmíràn á ti fún wa nílẹ̀ tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé igi ná."

Àgbàlagbà obìnrin, ó sì gbà. Kò béèrè pé kí ìjọba kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ló mú, ó mọ̀ pé mọ́ṣáláṣí ni àbúrò òun yóò wà. Nígbà tí Mọ́ṣúdù fi máa kírun tán tó máa dé oko, gbogbo igi ti wà nílẹ̀, tòun ti obì tí kò tíì gbó lórí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ọdún tèmi nìyí."

"Mo mọ̀. Téṣàn ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ìwọ náà á jẹ níbẹ̀."

"Ìjọba ti gbà?"

"Wọ́n máa gbà."

Mọ́ṣúdù bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa obì tí kò gbó nílẹ̀.

Ìjọba kò gbà. Wọ́n ní ọkọ̀ ìjọba nìkan ni yóò máa rin ojú irin ìjọba. Àpínkẹ́ sáré lọ bá Bándélé ní Challenge, ó bá a níbi tó ti ń kó ẹrù sí lọ́rì.

"Bándélé, igi baba mi ńkọ́?"

"Màmá, ṣé èmi ni mo ní kí ìjọba má gbà? Ẹ ṣe sùúrù."

Ó gun lọ́rì, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pàdánù ewé kan, ẹlẹ́tàn yẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní bá òun nìkan wí. Ṣé baba Bándélé ló gbin obì náà ni?

Àmúdàtù, ọmọ Mọ́ṣúdù, kúrò nílé ẹ̀kọ́, kò padà síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí Àpínkẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀, inú oko ló bá àbúrò rẹ̀, ó ń gbin obì tuntun sáàárín kùkùté. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n. Mo ti dárí jì yín." Kò gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n kí obì yìí tó so, Àmúdàtù á ti lọ́kọ, á ti bímọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń fi orúkọ yín dẹ yín. Ohun tí ẹbí bá jọ ní, ẹ má dá nìkan fọwọ́ kàn án, pàápàá nítorí ìlérí tí kò tíì tọwọ́ aláṣẹ jáde. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: a kì í wo òjò tó ṣú, ká da omi inú àmù nù.