Ó Pààrọ̀ Ìjókòó Bàbá Rẹ̀ Kó Lè Jókòó Ti Olówó

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹ kà á tán pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹni tó ń kà á gan-an lọ̀rọ̀ kàn.

1.
Atẹ̀wé kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Iwájú. Ibi ìsìnkú ni o, ibi ìgbéyàwó ni o, bí kò bá rí àga níwájú, á dúró gbagidi lójú gbogbo èèyàn títí ẹnì kan á fi dìde fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, àmọ́ ó fẹ́ràn ojú ayé jù.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà mọ fayolín ta débi pé ọ́kẹ́sírà ìlú, ẹgbẹ́ ńlá tí àwọn onífayolín, onífèrè àti onílù ti ń jọ ṣeré, gbà á wọlé. Ẹni tó ń jókòó tì í láti kékeré ni bàbá àgbà, bàbá tó bí atẹ̀wé, tó ń tún aago ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Orúnkún ò gbé bàbá mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣi orin ta nínú yàrá, bàbá á ti ké láti pálọ̀: "Padà síbẹ̀, ìyá mi! Ibẹ̀ yẹn ò dán!"

Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ tí ọmọ máa dá nìkan ta orin lójú gbogbo ayé, ìyàwó atẹ̀wé fúnra rẹ̀ lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó sọ fún obìnrin tó ń tà á pé bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn máa wà pẹ̀lú wọn, obìnrin náà sì tẹ́ àwòrán gbọ̀ngàn sórí tábìlì.

"Màmá, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí àtẹ̀gùn, orin sì ń dé ibẹ̀ ketekete. Ibẹ̀ ló máa rọ bàbá lọ́rùn."

Ó mú mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Inú ọmọ dùn bíi kó fò.

"Bàbá àgbà, ibẹ̀ ni màá máa wò yín!"

"Wò mí dáadáa. Tí o bá ṣì í ta, màá na ọ̀pá sí ọ."

2.
Ní ṣọ́ọ̀bù ni atẹ̀wé ti gbọ́ pé olówó kan tó ní ilé ìwé káàkiri ń bọ̀ níbi eré náà, àti pé ìlà iwájú ló máa jókòó. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bó ṣe máa gba iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ló bá yọ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì náà nínú báàgì ìyàwó rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ obìnrin tó tà á.

"Mo fẹ́ ọ̀kan níwájú."

"Ọ̀kan náà ló kù, ó sì wọ́n. Bí ẹ bá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe pààrọ̀, àwọn méjì tó kù á bọ́ sí òkè, lẹ́yìn pátápátá."

"Kò burú."

"Ọ̀gá, wọ́n ní bàbá kan wà tí kò lè rìn dáadáa. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga o."

"Ṣé bàbá tèmi ni àbí bàbá tiyín?"

Obìnrin náà bá a ṣe pààrọ̀ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló rán atẹ̀wé níṣẹ́?

Ọjọ́ eré pé, ọmọ ti lọ, atẹ̀wé wá fa tíkẹ́ẹ̀tì yọ. "Àṣìṣe ló wáyé níbẹ̀. Wọ́n ti ta ìjókòó wa fún ẹlòmíì. Díẹ̀ ló kù kí n má rí ìwọ̀nyí gan-an."

Ìyàwó wò ó. "Bàbá ọmọ, ẹ jẹ́ kí bàbá jókòó sí ti iwájú nígbà náà."

"Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi í sílẹ̀. Etí ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ, kì í ṣe orúnkún."

3.
Bí wọ́n ṣe dé gbọ̀ngàn, atẹ̀wé gba iwájú lọ, kò wẹ̀yìn. Ìyàwó di bàbá mú lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gun díẹ̀, wọ́n sinmi díẹ̀. Wọn ò tíì dókè tí ohùn fayolín fi dún.

"Ọmọ mi nìyẹn!" ni bàbá wí. Ó fẹ́ yára, ọ̀pá yọ̀, bàbá já bọ́ lórí àtẹ̀gùn.

Ní iwájú, atẹ̀wé ti tẹ̀ sí etí olówó. "Ọmọ mi ló ń ta á yẹn, sà. Èmi ni mo ní ilé ìtẹ̀wé..."

"Alàgbà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ orin."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. "Sà, ìyàwó yín ń pè yín níta. Kíákíá ni o."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ àga ló tún fẹ́ sọ. "Sọ fún un kó dúró dìgbà tí wọ́n bá parí."

Lórí pèpéle, ọmọ gbójú sókè wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àjèjì ló rí níbẹ̀. Ó ta orin náà dópin, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, kò tilẹ̀ gbọ́.

4.
Nígbà tí atẹ̀wé fi máa jáde, wọ́n ń gbé bàbá sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó pẹ̀lú omijé.

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Àṣìṣe ló wáyé, àbí?"

Ìyàwó ò dúró gbọ́ èsì, ó wọnú ọkọ̀ tẹ̀ lé bàbá.

Egungun ìdí bàbá ti kán. Kò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ọmọ ń wá ta fayolín fún un lójoojúmọ́, àmọ́ bí bàbá rẹ̀ bá ti ṣílẹ̀kùn, á dá ọwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kan, atẹ̀wé dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Mo ti forí jì ọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọmọ rẹ forí jì ọ́. Lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ."

Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá fi dákẹ́. Ẹlòmíì ni olówó gbé iṣẹ́ ìwé fún. Ọmọ kó jáde nílé. Ó ń kí bàbá rẹ̀ tí wọ́n bá pàdé, ó sì ń dá a lóhùn, àmọ́ bàbá náà ò tíì gbọ́ orin rẹ̀ látọjọ́ yẹn.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí ló dé tí o fi ń sá tẹ̀ lé àjèjì tó lè má mọ orúkọ rẹ, tí o sì fi àwọn ara ilé rẹ sí ẹ̀yìn? Ṣọ́ra o! Bí o bá ń yan àyè fún ara rẹ, kọ́kọ́ wo ibi tí àwọn tìrẹ máa jókòó. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun nìkan ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.