Ilé Ọdún Ẹfọ̀n

Ààlọ́ o. Àlọ́ mi rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá jókòó sórí Ẹfọ̀n àti ilé tó kọ́ sílùú rẹ̀.

Ogún ọdún ni Ẹfọ̀n fi ṣiṣẹ́ lókè òkun kó tó parí ilé náà. Ọdún Ìjẹṣu nìkan ló sì ń gbé e wálé. Kí wọ́n má baà gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fi Odídẹrẹ́ sínú rẹ̀, ó ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, ṣáà dá a lóhùn. Ilé tó ń dáhùn kì í ṣe ahoro."

Ẹyẹ tó gbẹ̀kọ́ ni Odídẹrẹ́. Nígbà tí Ọ̀yà kó ọmọ mẹ́fà dé, tó ní, "Ẹ kú ilé o," ó dáhùn, "Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé." Ọ̀yà ní ẹni tí wọ́n pè wọlé kì í ṣe olè.

Ọdún dé, Ẹfọ̀n bá aṣọ ọmọ lórí okùn, ó bá ilẹ̀kùn ní títì, ó sì ń gbọ́ ohùn Ọ̀yà nínú ilé. Ó rẹ̀ ẹ́ ju kó bínú lọ. Ó dá orin, Odídẹrẹ́ sì ń gbè é látinú ilé:

Èmi ni mo kọ́lé yìí o
— Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé.
Ọ̀yà, kó ẹrù rẹ jáde
— Ẹ káàbọ̀, ẹ wọlé.

Ọ̀yà ṣílẹ̀kùn. "Ẹ má dúró níta, Bàbá. Aládùúgbò á ní a ò mọ àlejò í ṣe."

Àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹfọ̀n ò lè lé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó wọlé, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Ẹ máa pẹ́ lọ́dọ̀ wa?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

Ọ̀yà mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A ó fún ara wa mọ́ra."

Ibi tí àlọ́ mi dé nìyẹn: ẹ má fi ọmọlúàbí ṣọ́lé.